Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin, wọ́n ní kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá: kí ni òfin wí?

Agbẹ̀bí Òkè-Ògùn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀wò, torí ẹ̀mí ló ń gbà.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní Òkè-Ògùn. Ohun tí mò ń rí lemọ́lemọ́ ni pé oyún á bàjẹ́ lára obìnrin, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ṣùgbọ́n kò ní wá sọ́dọ̀ wa. Á jókòó sílé, á máa pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á máa fún un ní àgbo mu. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e sórí ọ̀kadà wá, ojú rẹ̀ á ti funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti tutù bí ìdí àmù. Tí mo bá ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè wá, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Wọ́n ní ẹ máa pe ọlọ́pàá sí wa." Àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ lọ síbòmíràn, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, tàbí kí ọkọ wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Títọ́jú obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Ì báà jẹ́ pé oyún náà bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnìkan ló bà á jẹ́, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ kò rúfin. Ẹni tó lé e padà ló rúfin. Púpọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àìmọ̀ yẹn sì ti rán ọ̀pọ̀ abiyamọ sọ́run.

Ẹ̀yin amòfin tó wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa la òfin náà ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà máa gbọ́. Ẹ̀yin tó ti kàn rí, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Ìbejì Ìbàdàn

Ó kàn mí, ìyá wa. Àbúrò mi obìnrin ni. Oyún oṣù mẹ́ta, oyún tó fẹ́, tó ti ń dúpẹ́ lé lórí nínú ìjọ. Lóru ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún un tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá lẹ́nu ọ̀nà kò wọn BP rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Ìbéèrè ló ń bi í: "Oògùn wo lo lò? Ta ló fún ọ?" Àbúrò mi ń sunkún pé òun ò lo nǹkan kan. Wọ́n ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ná.

A lọ. Ọlọ́pàá tí a bá lórí kàńtà ló bínú fún wa. Ó ní, "Ẹ gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wá bá mi, ṣé èmi ni dókítà ni?" Ó bá wa dá mọ́tò dúró, ó ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n bá a kó ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé ọmọ jáde. Ọlọ́run ló ní kò ní kú.

Ara rẹ̀ yá tán, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn ló gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń bi òun.

Amòfin Ẹ̀gbá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ sì kú ìrọ́jú, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀: ṣíṣẹ́ oyún, àti títọ́jú obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀.

Lórí ṣíṣẹ́ oyún, òfin wa le. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò, abala 228, ní kí ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́yún lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Abala 229 ní kí obìnrin náà lọ ọdún 7. Abala 230 ní kí ẹni tó fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, lọ ọdún 3. Abala 297 ló wá sọ pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ọkàn rere ṣe, pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìṣọ́ra tó yẹ, láti gba ẹ̀mí ìyá là, kì í ṣe ọ̀ràn. Ìwé òfin ti àríwá náà yọ gbígba ẹ̀mí ìyá là sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kóòtù ti ń tẹ̀ lé èrò yìí. Ní 1938 ni wọ́n dá Dókítà Aleck Bourne sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó yọ oyún ọmọdébìnrin ọdún 14 kan tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀, tó sì lọ fa ara rẹ̀ lé òfin lọ́wọ́. Lọ́dún kan náà ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ́ ẹjọ́ Edgal lórí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún, èyí tí àwa amòfin ṣì ń tọ́ka sí níbí.

Ẹ wo abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń fìyà jẹni yẹn dáadáa. Ẹni tó ní in lọ́kàn láti ba oyún jẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Oyún tó ti bàjẹ́, ta ló tún fẹ́ bà á jẹ́? Dókítà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kò sí nínú abala kankan níbẹ̀.

Ẹ wá bọ́ sí òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014. Abala 20 ní òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Abala 26 ní ọ̀rọ̀ aláìsàn àṣírí ni, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tàbí tí kóòtù bá pàṣẹ, àti àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn tí òfin náà kà sílẹ̀.

Ìwé ọlọ́pàá tí wọ́n ń béèrè yẹn, inú ọ̀rọ̀ ìbọn ló ti jáde. Láyé ìgbà kan, ilé ìwòsàn kì í fọwọ́ kan ẹni tí ìbọn bà láìsí ìwé ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú sẹ́nu géètì. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣòfin ní 2017 pé kí wọ́n gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà, kó má wà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ná, kí wọ́n wá sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí méjì. Tí òfin bá ní kí wọ́n gba ẹni tí ìbọn bà láìsí ìwé, kí ni wọ́n fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ abiyamọ?

Díákónì Ìjẹ̀bú

Mo ka gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò Bàbá Ìbejì kò dára, kò sì yẹ ọmọ ènìyàn. N kò sì rò pé ìjọ kankan ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde lórí yíyọ oyún láìséwu níbi tí òfin bá ti gbà á. Ìjọ Kátólíìkì ta kò ó, àwọn Mùsùlùmí ta kò ó, nígbà tó di oṣù keje, Gómìnà Sanwó-Olú ní kí wọ́n dá a dúró. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ọmọ inú náà, Ọlọ́run ló dá a, ẹ̀mí sì ni. Tí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ṣé a máa lè tì í mọ́? Ìbéèrè mi nìyẹn, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Agbẹ̀bí Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun, Díákónì, pé ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ.

Ìwé Èkó yẹn kò dá òfin tuntun sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Èkó ṣe ní 2011 ti sọ tẹ́lẹ̀ pé gbígba ẹ̀mí ìyá là àti dídáàbò bo ìlera ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn. Ohun tí ìwé náà ṣe ni pé ó la ọ̀nà fún dókítà: irú àìsàn wo, ta ló máa pinnu, níbo ni wọ́n ti lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, òfin náà ṣì wà níbẹ̀, àlàyé ni kò sí mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ìmó náà. Wọ́n ṣòfin ní 2012 tó fàyè gba ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wọ́n sì fagi lé e ní 2013. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà tirẹ̀ láti 2018, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà mẹ́wàá bóyá wọ́n ti fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àìsí àlàyé ń ṣe. Aboyún oṣù márùn-ún kan wọlé wá bá wa, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní gbogbo nǹkan ń ṣú òun lójú. BP rẹ̀ ti lọ sókè kọjá ààlà. Ká tó wí ká tó fọ̀, gìrì gbé e. A fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dá gìrì dúró, a sáré gbé e lọ sí ibi tó jù wá lọ. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé tí gìrì bá ti gbé aboyún, kí oyún kúrò nínú rẹ̀ ni ìwòsàn, ọmọ ì báà tó bí, kó má tó. Níbẹ̀, dókítà kan ní kí ọ̀gá òun fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Wọ́n ń pe ara wọn, obìnrin náà dùbúlẹ̀, gìrì tún gbé e. Kì í ṣe pé wọn kò láàánú. Ọdún 14 yẹn ló wà lójú wọn, abala 297 kò sì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó là á já. Ọmọ kò là á já, kò sì sí bó ṣe lè là á já ní irú oṣù bẹ́ẹ̀. Díákónì, ilẹ̀kùn tí mò ń sọ yìí ti ṣí láti ayé òyìnbó amúnisìn. Àwọn tó yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá ni kò mọ̀ pé ó wà.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹbí wa wà ní Ìmẹ̀kọ, a jọ ń ṣe òkú, a jọ ń ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin wa ti ya ara.

Títí di 2003, òfin tí Faransé ṣe ní 1920 ló ṣì wà lórí wa, èyí tó fòfin de ìṣẹ́yún àti ìfètòsọ́mọbíbí pa pọ̀. Òfin 2003 mú un kúrò. Ó gba yíyọ oyún láàyè tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, tó bá jẹ́ pé ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan ló fa oyún, tàbí tí àìsàn ńlá bá wà lára ọmọ inú. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé aṣòfin ní Pọ́tónófò tún fi kún un: títí di ọ̀sẹ̀ 12, obìnrin lè béèrè fún un tí oyún náà bá máa kó o sínú ìnira owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ti ọkàn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì lòdì sí i gan-an. Mínísítà ìlera, Benjamin Hounkpatin, dáhùn pé nǹkan bí 200 obìnrin ló ń kú lọ́dọọdún ní ilẹ̀ wa látàrí oyún tí wọ́n ṣẹ́ níkọ̀kọ̀.

Òfin ti yí, ẹnu àwọn aládùúgbò kò tíì yí. Ọmọbìnrin tó bá lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú kékeré, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mo fojú rí: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá mọ́. Ó lè bẹ̀rù ìyá ọkọ.

Alfa Ìwó

As-salāmu ʿalaykum. Díẹ̀ ni tèmi. Ìlànà Mọ́líkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí àwa ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ yìí le gan-an lórí ìṣẹ́yún, ó tiẹ̀ le ju ti àwọn tó ń wo 120 ọjọ́ tí wọ́n ń mí ẹ̀mí sí ọmọ nínú. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa sọ ọ́ pé tó bá di pé ẹ̀mí ìyá máa bọ́, kí wọ́n gba ìyá là, torí òun ni ọmọ ti jáde.

Ní ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn rárá. Ẹni tó bá dá ẹ̀mí kan sí, bí ẹni tó dá gbogbo ènìyàn sí ni, Kùránì ló sọ bẹ́ẹ̀. Màá sọ ọ́ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀: ọkọ tó bá ní kí ìyàwó òun dúró dìgbà tí òun bá dé láti oko kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀.

Dúpẹ́ Peckham

Ẹ kú àfaradà o. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1861 ni gbòǹgbò èyí tí wọ́n gbé wá fún wa. Àwọn tó gbé e wá ti yí tiwọn padà ní 1967, tí dókítà méjì bá ti fọwọ́ sí i; ọ̀sẹ̀ 24 ni ààlà rẹ̀ báyìí. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn aṣòfin níbí ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò, 379 sí 137, pé kí wọ́n má gbé obìnrin lọ sí kóòtù mọ́ nítorí oyún ara rẹ̀. A sì ṣì di tiwa mú níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbí tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ni pé wọn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú aboyún tàbí kí wọ́n fi falẹ̀ nítorí owó. Wọ́n lè fi bíìlì ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, ó sì lè wọ́n, ṣùgbọ́n kí aboyún má sá pamọ́ sílé nítorí rẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ dákẹ́ títí ọmọ fi kú mọ́ ọn nínú.

Ìyá Àdùkẹ́

Mo fẹ́ béèrè nǹkan méjì. Èkíní, mo lọ gba èyí tí wọ́n máa ń fi sí apá, ti ìfètòsọ́mọbíbí. Ọmọ márùn-ún ni mo ti bí. Wọ́n ní kí n lọ mú ọkọ mi wá. Ọkọ mi wà ní Kánò, ó ń wa tírélà. Mo padà sílé, mo tún lóyún. Ṣé òfin ni?

Èkejì, ọmọ ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ ńkọ́? Ṣé kí ó gbé oyún ọ̀daràn náà ni?

Agbẹ̀bí Òkè-Ògùn

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí òfin kankan tó ní kí àgbàlagbà obìnrin mú ọkọ wá kó tó gba ìfètòsọ́mọbíbí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi sí apá, abẹ́rẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Àṣà tí àwa nọ́ọ̀sì dá sílẹ̀ ni, torí a ò fẹ́ kí ọkọ wá bá wa jà. Inú mi dùn tí ọkọ bá tẹ̀ lé ìyàwó wá, ó ń jẹ́ kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí n lé e padà nítorí pé kò mú un wá, n kò ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018 rí i pé 12 nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ ni wọ́n ń lo ìfètòsọ́mọbíbí ìgbàlódé. Tí a bá wá ń lé ìwọ̀nba tó wá bá wa padà, oyún tí wọn kò fẹ́ á máa pọ̀ sí i. A sì mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú irú oyún bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ.

Ní ti ìfipábánilòpọ̀, kí ọmọ náà tètè dé ilé ìwòsàn ni olórí ọ̀rọ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Èyí tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló dára tó. Ẹ má ṣe wẹ̀ fún un ná, ẹ má sì fọ aṣọ rẹ̀. Ní Èkó, Mirabel Centre tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ wà ní ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà láti 2013, wọn kì í gba owó.

Amòfin Ẹ̀gbá

Kí n fi kún ti ìyá wa. Òfin tó ń dènà ìwà ipá sí ènìyàn, ti 2015, fún ẹni tí wọ́n ṣe báyìí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn àti ìrànlọ́wọ́ amòfin. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ yíyọ oyún. Àdéhùn Maputo, ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, abala 14, gbà á láàyè fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn náà láti 2004. Abala 12 nínú ìwé òfin 1999 ló wá sọ pé àdéhùn òkèèrè kò lè di òfin nílé àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Wọn kò tíì ṣe é. Èmi rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìwà àìdáa sí àwọn ọmọbìnrin wa, n kò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́.

Ọmọ Àkúrẹ́

Gbogbo òfin tí ẹ ń kà yìí dára, ṣùgbọ́n owó àti ọ̀nà ló ń pa ọ̀pọ̀ jù. Ní Oǹdó, Gómìnà Mímikò bẹ̀rẹ̀ Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ ní 2009. Wọ́n fún aboyún ní fóònù tó fi lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ìbímọ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́. Èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni àwọn kan ti ń wá. Ohun tó wú mi lórí jù ni òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn pé kí wọ́n máa jábọ̀ ikú aboyún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni síta, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti bàjẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n mú àwọn ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra: èyí tó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n á fún un lówó.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti sọ ní oṣù kọkànlá 2024, láti ẹnu Mínísítà ìlera, Pate, pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ máa di ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò lówó. Ẹ jẹ́ ká di wọ́n mú lórí ìyẹn.

Agbẹ̀bí Òkè-Ògùn

Òótọ́ lẹ sọ, n kò sì jiyàn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé ní 2023, nǹkan bí 75,000 ìyá ló kú ní Nàìjíríà nítorí oyún àti ìbímọ. Nínú gbogbo ikú irú yìí ní àgbáyé, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ dídà, gìrì, àìsàn kòkòrò, oyún tí wọ́n ṣẹ́ níkọ̀kọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ gbogbo wọn. Owó la ó fi ra ẹ̀jẹ̀ àti oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá yìí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ láti mú kúrò, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ mú un.

Bàbá Ìbejì Ìbàdàn

Amòfin, tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, kí ni kó sọ lẹ́nu géètì? A kò mọ ohun tí a lè sọ lóru yẹn.

Amòfin Ẹ̀gbá

Kó sọ pé: "Pàjáwìrì ni. Abala 20 òfin ìlera 2014 ní ẹ ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?" Kó wo aago, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó ní kí wọ́n pe ọ̀gá dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ tí o béèrè yẹn ló ń mú kí wọ́n gbé àga aláìsàn jáde. Tí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ má dúró jà. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn, ẹjọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀, sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn dókítà, tàbí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹni tí kò lówó amòfin, Legal Aid Council wà ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Agbẹ̀bí Òkè-Ògùn

Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ara ògiri ilé ìlera wa. Ohun tí mo ti kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Ìyá, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ, wọlé. Tí pádì méjì bá kún láàárín wákàtí kan tí kò dúró, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ gbóná, tàbí tí ohun tó ń jáde ń rùn, má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. A ò ní bi ọ́ ní ìwé ọlọ́pàá. A ò ní ní kó o mú ọkọ wá. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú pàjáwìrì lábẹ́ òfin. Ohun tó o bá sọ fún wa, kò ní jáde."

Amòfin Ẹ̀gbá

Ó dára púpọ̀. Ibi méjì ni kí ẹ tún ṣe. Abala 20 kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ó ní kí wọ́n má kọ̀ ọ́ ni. Tí ẹ bá kọ "ọ̀fẹ́", ìjà á bẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n á sì ní irọ́ ni gbogbo ìwé náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ, ọ̀rọ̀ owó á tẹ̀ lé e." Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde láéláé, torí kóòtù lè pàṣẹ. "A ò ní sọ ọ́ fún ọkọ, fún ẹbí tàbí fún ọlọ́pàá láìjẹ́ pé o gbà, àfi tí kóòtù bá pàṣẹ," ìyẹn tó. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà abala náà àti ọdún rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ kà á fúnra rẹ̀.